Owó orí sìgá àti ẹ̀tọ́ ẹni tó ń mu ún: kí la fẹ́ sọ nípàdé ìlú?

Akọ̀wé Ọ̀dọ́ Ìjùmú

Òkun o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, òkun o.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí kó tó di Sátidé tó ń bọ̀ tí a máa ṣèpàdé ìlú. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ àbá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sílẹ̀. Àbá méjì ni. Èkíní, kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń ta sìgá máa san ₦3,000 lóṣooṣù fún ìlú, ká máa fi owó náà ra oògùn sí ilé ìwòsàn kékeré ẹ̀bá ọjà. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá mọ́ nínú gbọ̀ngàn ìlú àti láàárín ìsọ̀ ọjà.

Bí mo ṣe ka àbá náà fún àwọn àgbà díẹ̀ báyìí, ariwo sọ. Bàbá kan ní, "Owó mi ni mo fi ń rà á, ẹnu mi ni mo fi ń mu ún, àyà mi ni yóò dùn mí. Èwo ni ti ìlú níbẹ̀?" Òmíràn ní ẹ̀yin tí ẹ ń mu ògógóró, kò sẹ́ni tó bu owó lé yín, sìgá nìkan ni ẹ rí. Mi ò lè sọ pé wọn ò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Kí n kúkú sọ tèmi tán. Bàbá mi ń mu sìgá, ó ti lé ní ogójì ọdún. Láti ìgbà tí owó sìgá ti lọ sókè ni mo ti ń rí ohun tí mi ò rí rí. Wọ́n á gbé igi sìgá kan lé orí àpótí, wọ́n á fi bíléèdì gé e sí méjì, wọ́n á mú ọ̀rá Tom Tom, wọ́n á fi wé ìdajì kan, wọ́n á sì tì í sábẹ́ fìlà. Ìdajì àárọ̀, ìdajì alẹ́. Tẹ́lẹ̀ rí, wọ́n ń mu tó mẹ́wàá lójúmọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, inú mi dùn pé ó dín kù. Lẹ́yìn náà ni àánú wọn ṣe mí. Àgbàlagbà tó jókòó tó ń fi bíléèdì gé sìgá, tó ń fi ìka ṣa tábà tó dà sórí àpótí padà, ó dà bíi pé a ń fìyà jẹ wọ́n.

Ibi tí mo dúró sí nìyẹn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ọlọ́jà Kábà

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo ń ta sìgá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ti ẹnu wa náà.

Ẹ̀bá gáréèjì ni ìsọ̀ mi wà. Mò ń ta bisikíìtì, omi, ọṣẹ, bátìrì àti sìgá. Èrè orí sìgá kò tó nǹkan, àmọ́ òun ló ń fa oníbàárà wọlé. Awakọ̀ tó bá wá ra sìgá á ra omi, á ra búrẹ́dì. Tí ẹ bá wá ní kí n san ₦3,000, èmi kọ́ ni n ó san án. Orí igi kọ̀ọ̀kan ni n ó gbé e lé.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó jókòó sí Àbújá kò mọ̀. Lọ́dún 2018, nígbà tí wọ́n fi náírà kan kún owó orí igi sìgá kọ̀ọ̀kan, ta ló ní ṣéńjì náírà kan ní Kábà? Kò sí. Náírà márùn-ún, náírà mẹ́wàá ni a fi kún un. Ìjọba gba náírà kan, àwa tó ń tà á fọwọ́ mú ìyókù. Mi ò fi yangàn o. Mò ń sọ bó ṣe rí fún yín ni, kí ẹ lè mọ̀ pé owó tí talákà ń san lórí ẹyọ kan kọ́ ni owó tí ìjọba ń rí gbà.

Amòfin Yàgbà

Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n dá yín dúró díẹ̀. Àbá àkọ́kọ́ yẹn kò lè dúró. Owó orí tí wọ́n ń bù lé sìgá àti ọtí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ yìí, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ìwé òfin ọdún 1999 gbé e fún. Ìpínlẹ̀ kò lè bù ú, ìjọba ìbílẹ̀ kò lè bù ú, áńbọ̀sìbọ́sí ẹgbẹ́ ìlú. Ìjọba ìbílẹ̀ lè gba owó ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ gbogbo ọlọ́jà, àmọ́ ìlú tó bá yan àwọn onísìgá sọ́tọ̀, tó ń fi dandan gba owó lọ́wọ́ wọn, ọjọ́ tí ẹnì kan bá gbé e dé kóòtù ni yóò tú ká. Tí ẹ bá fẹ́ ra oògùn, ẹ dá owó àtinúwá.

Àbá kejì ni kí ẹ dì mú. Òfin ti wà fún un. Lọ́dún 2015 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ tábà. Òfin yẹn ní kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá ní ilé ìwé, ní ilé ìwòsàn, níbi ìṣeré ọmọdé, nínú ọkọ̀ èrò àti nílé oúnjẹ. Wọn ò gbọdọ̀ tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Páálí ni kí wọ́n sì máa tà, páálí kan kò gbọdọ̀ dín ní igi 20.

Ìyá Ọlọ́jà, ẹ forí jì mí, títa ẹyọ-ẹyọ lòdì sí òfin. Mo mọ̀ pé gbogbo ayé ló ń ṣe é.

Awakọ̀ Ọ̀nà Obájànà

Mò ń mu sìgá. Mi ò ní pa irọ́.

Tírélà ni mò ń wà. Láti Obájànà gba Kábà, òru ni mo sábà máa ń rìn. Tí oorun bá ń kì mí ní aago mẹ́ta òru, sìgá ló ń jí mi. Ẹ má pè mí ní apànìyàn nítorí ìyẹn. Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ mẹ́rin, mò ń san owó ilé ìwé wọn.

Ẹni tó lówó kò mọ̀ ọ́n lára pé owó orí wà lórí sìgá. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni yóò ra páálí mẹ́wàá sínú mọ́tò. Èmi tí mò ń ra ẹyọ méjì-méjì ni mò ń san èyí tó wọ́n jù, Ìyá Ọlọ́jà sì ti jẹ́wọ́ ìdí rẹ̀. Tí wọ́n bá tún gbé e sókè, sìgá fàyàwọ́ wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gba owó orí kankan lé lórí. Mo máa ń rí i lójú ọ̀nà.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: ó ti tó ìgbà mẹ́ta tí mo gbìyànjú láti fi í sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo dé lẹ́ẹ̀kan. Orí ń fọ́ mi, mò ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ, ọmọ mọ́tò mi ní kí n kúkú mu ún kí n má bàa pa wá sọ́nà. Kò sẹ́nì kan tó ràn mí lọ́wọ́, kò sí nọ́ọ̀sì, kò sí oògùn. Owó mi ni wọ́n ń gbà lórí gbogbo ẹyọ tí mo mu láti ọjọ́ yìí wá. Ibo ni ó ń lọ?

Ọmọ Mòpà l'Ábújá

Ìbéèrè awakọ̀ yẹn ló yẹ ká dúró lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí owó orí náà ṣe rí. Tẹ́lẹ̀, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún iye owó tí sìgá fi jáde nílé iṣẹ́ ni wọ́n ń gbà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018 ni wọ́n fi ₦20 lé páálí kan lórí ìyẹn, ó di ₦40 lọ́dún 2019, ó di ₦58 lọ́dún 2020. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n tún gbé e sókè sí i.

Ẹ wo ibi tó ti ń jò. Náírà tí wọ́n kọ sílẹ̀ pàtó ni. ₦58 ọdún 2020 àti ₦58 òní, ẹ bi ẹni tó ń lọ ra gààrí bóyá ọ̀kan náà ni. Bí náírà ṣe ń rọ ni owó orí yẹn ń rọ pẹ̀lú rẹ̀. Sìgá lè wọ́n lọ́jà kó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ àti àwọn tó ń tà á ló ń jẹ owó náà, kì í ṣe ìjọba. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ó yẹ kí owó orí tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí a ń ra páálí lọ́jà. A jìnnà sí i.

Owó orí kì í sì í ṣe ìyà lásán. Àwọn tó ti ṣèwádìí rẹ̀ kárí ayé rí i pé tí iye owó bá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, sìgá tí àwọn èèyàn ń mu máa ń fi nǹkan bí ìdá 5 dín kù. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì di bárakú fún ló ń tètè sá sẹ́yìn. Àmọ́ ẹ wo Philippines: lọ́dún 2012 tí wọ́n gbé owó orí sìgá àti ọtí sókè, wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé ìlera ni kí wọ́n fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣe, wọ́n sì fi ń san owó ìtọ́jú fún àwọn tálákà. Thailand náà ti ń gba ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó orí sìgá àti ọtí láti ọdún 2001 fún iṣẹ́ ìlera. Ẹni tó ń mu sìgá níbẹ̀ lè na ìka sí ibi tí owó rẹ̀ lọ. Awakọ̀ wa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ tirẹ̀ tí a ń jẹ nìyẹn.

Bàbá Kajú

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ owó. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ iná.

Nínú ọyẹ́ ọdún tó kọjá, ẹnì kan kọjá lójú ọ̀nà oko mi, ó mu sìgá rẹ̀ tán, ó ju ìdí rẹ̀ sínú koríko. N ò bínú sí i pé ó mu ún. Ìgbà tí àwa fi dé ibẹ̀ pẹ̀lú ewé tútù àti kẹ́ẹ̀gì omi, iná ti gba ìlà mẹ́fà. Igi kajú tí mo gbìn ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, tó ń so dáadáa, ó dúró láàárọ̀ ọjọ́ kejì bí èèdú tí wọ́n gbé sórí ìdúró. Mo fọwọ́ kan èèpo ọ̀kan, ó ṣí kúrò lára igi bí èèpo iṣu sísun.

Ẹ kọ eléyìí náà sínú àbá yín: ẹni tó bá mu sìgá nígbà ọyẹ́, kó fi ẹsẹ̀ pa iná rẹ̀, kó bu iyẹ̀pẹ̀ lé e.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Ẹ kú àdánù.

Akọ̀wé, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ kí ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe ń rí i lẹ́nu iṣẹ́.

Àkọ́kọ́, lórí bàbá yín. Ẹ má jẹ́ kí inú yín dùn púpọ̀ sí ìdajì sìgá yẹn. Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ ọn, tí ó bá dín iye rẹ̀ kù, á máa fà á wọlé jinlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á mu ún dé ibi tí ó ń jó ìka, kí ara lè rí iye tó ń wá. Ẹ wo èékánná ìka atọ́ka wọn. Tí ó bá ti pọ́n bí epo, ẹ ti rí ohun tí mò ń sọ.

Èkejì, lórí "ẹnu mi, àyà mi". Obìnrin kan gbé ọmọ ọdún méjì wá sọ́dọ̀ mi, àyà ọmọ náà ń dún bíi fèrè. Ẹ̀ẹ̀kẹta láàárín oṣù méjì ni. Mo ní ta ló ń mu sìgá nílé. Ó ní bàbá rẹ̀ ni, àmọ́ kì í mu ún sítòsí ọmọ, ojú fèrèsé ló máa ń dúró sí. Èmi àti ìyá náà jọ wo ara wa. Aṣọ tí bàbá fi dúró lójú fèrèsé náà ló fi ń gbé ọmọ. Afẹ́fẹ́ tó gba fèrèsé náà wọlé ló ń dé orí ibùsùn. WHO sọ pé tábà ń pa ju mílíọ̀nù 7 èèyàn lọ lọ́dọọdún, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan nínú wọn tí kì í mu sìgá, èéfín ẹlòmíràn ló ń pa wọ́n. Nítorí náà, àbá kejì yín, mo wà lẹ́yìn rẹ̀ tọkàntọkàn. Inú ìsọ̀ ọjà ni àwọn ọlọ́mọ ń jókòó láti àárọ̀ dé alẹ́.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí awakọ̀ gbọ́. Ọjọ́ mẹ́rin tí ẹ dé yẹn kì í ṣe ìjákulẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, ẹ ti gba ibi tó le jù kọjá kí ẹ tó padà. Bárakú ni, àìsàn ni, kì í ṣe ìwà burúkú. Orí fífọ́, ìbínú, àìróorun sùn, wọ́n á máa rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn mi nìyí: ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n lè fara dà á fún yín. Ẹ má yan ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó rìnrìn àjò òru. Tí òòfà rẹ̀ bá dé, ìṣẹ́jú mélòó kan ni yóò fi kọjá, ẹ mu omi, ẹ jẹ orógbó, ẹ fọwọ́ ṣe nǹkan. Ẹ kó ìṣáná àti láítà kúrò nínú mọ́tò. Tí ẹ bá sì ṣì í mu ẹyọ kan, ẹ má sọ pé ó ti bàjẹ́. Ọjọ́ kejì, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Lórí oorun òru, ẹ dákun, ẹ wá ibi tó láàbò páàkì kí ẹ sùn. Sìgá kì í ṣe oorun.

Ìṣẹ́jú 20 péré lẹ́yìn tí èèyàn bá mu èyí tó gbẹ̀yìn ni ọkàn rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 60, ọdún mẹ́ta ni ó ṣeé ṣe kó fi kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún bàbá yín pé ó ti pẹ́ jù.

Ọmọ Olùkọ́

Ìyá mi àgbà kò mu sìgá rí, àmọ́ wọ́n ń fi tábà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí wọ́n fi kú. Ẹ má gbàgbé àwọn ìyá wa. Tábà lílọ̀ tí wọ́n ń wọ̀n ní ṣíbí lọ́jà, kò sí páálí, kò sí ìkìlọ̀ kankan lára rẹ̀, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹnu.

Ọmọ Mòpà l'Ábújá

Òótọ́ ni. Nípa "ẹ̀tọ́ amusìgá" tí àwọn àgbà ń sọ, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i. Nílùú Ọba, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Forest, láti ọdún 1979, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn tó ń mu sìgá. Àwọn ilé iṣẹ́ sìgá ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, owó Philip Morris, ilé iṣẹ́ sìgá ńlá kan, ni wọ́n fi dá irú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1993. Mi ò sọ pé ẹnì kan ń fún àwọn bàbá wa lówó. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yẹn káàkiri ayé, kò gbé e nítorí awakọ̀ tírélà. Ẹ̀tọ́ tí awakọ̀ ń bèèrè yàtọ̀ sí tiwọn. Ó ń bèèrè ìrànlọ́wọ́ láti jáwọ́, ó ń bèèrè kí a má bú òun, kí ó sì mọ ibi tí owó òun ń lọ.

Awakọ̀ Ọ̀nà Obájànà

Ẹ ṣeun. Nọ́ọ̀sì, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ṣèlérí, àmọ́ mo ti sọ fún ìyàwó mi. Ọ̀rọ̀ mọ́tò èrò, mo fara mọ́ ọn: èmi náà kò lè jókòó sínú bọ́ọ̀sì kí ẹnì kan máa fẹ́ èéfín sí mi lójú, kí n má tan ara mi jẹ.

Ìyá Ọlọ́jà Kábà

Amòfin, mo gbọ́. Kí n jáwọ́ nínú ẹyọ lójijì, aládùúgbò mi tó wà ní ẹsẹ̀ márùn-ún sí mi ló máa gba gbogbo oníbàárà mi. Tí ìpàdé àwọn ọlọ́jà bá lè mú wa pa pọ̀, kí gbogbo wa jọ jáwọ́ lọ́jọ́ kan náà, n ó ṣe é. Àmọ́ láti òní, mi ò tún ta fún ọmọ ilé ìwé mọ́, kódà kó ní bàbá òun ló rán òun. Bó ṣe ń rí ni pé wọ́n á ní bàbá ló rán wọn.

Akọ̀wé Ọ̀dọ́ Ìjùmú

Òkun o. Ẹ jẹ́ kí n jíṣẹ́ bí ìpàdé ṣe lọ.

A yọ àbá ₦3,000 kúrò kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo ka ohun tí amòfin kọ, olórí ìlú ní ó tó. Dípò rẹ̀, ẹnu kò pé kí a kọ ìwé sí aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá, kí a béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé ilé ìwòsàn kékeré bíi tiwa ni kí wọ́n fi apá kan owó orí sìgá ṣe, kí wọ́n sì máa kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti fi sìgá sílẹ̀. Èmi ni n ó kọ ọ́. Ọmọ Mòpà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́.

Àbá kejì le. Àwọn àgbà mẹ́ta dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó là á ni pé a kò lé wọn jáde sí òòrùn. A ó gbé bẹ́ǹṣì méjì sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ibi tí atẹ́gùn kì í gbé èéfín wá sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́mọ, a ó sì gbé agolo oníyẹ̀pẹ̀ síbẹ̀ fún ìdí sìgá. Bàbá Kajú, nítorí yín ni agolo yẹn ṣe wà. Wọ́n gbà.

Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ nípàdé. Nígbà tí a délé, wọ́n bọ́ fìlà, ìdajì tó wà nínú ọ̀rá Tom Tom jábọ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣà á, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n wá ní, "Nọ́ọ̀sì tó o sọ yẹn, ṣé ó máa ń wá sí apá ibí?" Mo ní n ó béèrè. Wọ́n tún ní kí n bi í pé ṣé orógbó kò ní yọ àwọn lẹ́nu, torí ìfúnpá àwọn ga.

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀

Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tí mo bá ti gba àyè. Kí wọ́n má dá oògùn ìfúnpá wọn dúró o. Orógbó, kí wọ́n ṣì fi í sílẹ̀ títí n ó fi wo ìfúnpá wọn. Kí wọ́n máa fi omi àti pákò tì í ná. Kí wọ́n sì tọ́jú ọ̀rá Tom Tom yẹn dè mí, mo fẹ́ kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń gé e hàn mí.